Ẹni tí mi ò kí ní Fairburn

Nígbà tí mo dé láti Amẹ́ríkà, gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé wọ́n lé mi wálé ni. Wọn ò purọ́. Àmọ́ kì í ṣe ìjọba ló lé mi, àǹtí mi ni, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sì kà sí mi lọ́rùn ni pé mi ò mọ àgbà kí. Èmi Dàmọ́lá, tí ìyá mi ti kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò.

Ẹ fara balẹ̀, màá sọ bó ṣe jẹ́. Mi ò ní dárúkọ ìlú wa o, orúkọ tí mo sì máa pe àwọn èèyàn kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fura sí ẹni tí mò ń sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sínú. Tí ọ̀nà yín bá sì gba ọ̀hún kọjá, ẹ má lọ kí i.

Ìlú tí kì í dáhùn

Grayson ni Àǹtí Bísí ń gbé. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ọsibítù kan ní Lawrenceville. Nílé, Atlanta la máa ń sọ pé wọ́n wà. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé téèyàn bá dé Atlanta, ó ṣì máa jókòó sínú mọ́tò títí kó tó dé Atlanta ti àǹtí ẹ̀.

Àwọn ilé àdúgbò yẹn jọra bí ẹyin inú kíréètì. Koríko wọn jọra, ilẹ̀kùn wọn jọra. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá jáde láti na ẹsẹ̀, mo ṣìnà ní ibi tí ọmọ ọdún méjì ò lè ṣìnà sí nílé. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà tí mo rò pé ti Àǹtí Bísí ni. Aago náà bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni, ó ní òun ti ń ká àwòrán mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán mà." Kò dáhùn. Mo rò pé wọn ò gbọ́, mo tún kí wọn lẹ́ẹ̀kejì, mo wá tẹrí ba sí i. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé yẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nìyẹn. Iná ń jó nínú ilé, omi ń dá fọ́n ara ẹ̀ sórí koríko, ajá ń gbó lẹ́yìn ọgbà, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn ọmọ Ádámù kan. Oòrùn ràn bí ti ilé, àmọ́ ó dà bíi pé àwọn tó ni ìlú ti gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ti sá lọ, wọn ò sì sọ fún èmi àlejò. Bí mo ṣe ń rìn lọ, mọ́tò kan ń rọra tẹ̀ lé mi. Gíláàsì ẹ̀ wálẹ̀, òyìnbó kan yọjú, ó béèrè bóyá kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan, ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́. Ó gbé gíláàsì ẹ̀ sókè kíá, ó lọ.

"O béèrè ìyàwó ẹ̀?" Àǹtí Bísí ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ lálẹ́. "Ọpẹ́ ni pé o ò tíì dé orí ọmọ. Ọlọ́pàá ni wọn ì bá pè sí ẹ."

Lọ́jọ́ kan tá a wọ àárín ìlú, mọ́tò funfun kan dúró ká lè sọdá. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ ṣeun sà." Ọmọ tí mo bá jáde di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wo ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó. Mo wò ó. Àga lásán ni, mọ́tò tó ń wa ara ẹ̀ ni. Stíárìn ń dá yí fúnra ẹ̀, jẹ́jẹ́, bíi pé ẹnì kan tí ojú mi ò tó ló dì í mú. Mo ti kí ilẹ̀kùn nìyẹn, mo ti kí mọ́tò. Kí ẹni tó bá ń sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọmọ Canada

Ọmọ tí mò ń sọ yẹn ni Fọlárìn, òun náà ni wọ́n torí ẹ̀ mú mi wá. Ọmọ Àǹtí Kẹ́mi ni, tí òun náà jẹ́ àbúrò ìyá mi. Canada ni wọ́n bí i sí, Canada ló ti mọ bọ́ọ̀lù basketball. Ó ga débi pé tó bá ń wọlé, àtẹ́rígbà ló máa kọ́kọ́ tẹrí ba fún. Wọ́n ní tó bá gbá bọ́ọ̀lù ní high school Amẹ́ríkà, àwọn college ńlá á rí i, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ Àǹtí Bísí. Àwọn tíìmù school ẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n gbà á tán, wọ́n fi í sórí bẹ́ńṣì. "Canada" ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ní, "Canada, wọlé," ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n. Torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà ni tíìmù kan ṣe lé e ní Canada.

Èmi náà ga. Mo gbá basketball yìí fún school wa nílé. Ọlọ́run fún mi ní gíga, ó wá fún mi ní ọwọ́ ẹni tó ń fọwọ́ ti ògiri. Lẹ́yìn náà mo lọ poly. Mo kúrò ní poly kí wọ́n tó lé mi, torí ó yẹ kí èèyàn níyì. Iṣẹ́ tí Àǹtí Bísí fún mi ní Grayson ni pé kí n máa sọ Yorùbá sí Fọlárìn, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Tí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á wá college kékeré kan fún èmi náà, kí n lọ parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé Amẹ́ríkà gbòòrò: wọ́n fi ẹni tó sá kúrò ní school ṣe tíṣà.

"Ṣé push-up ni, Bọ̀dá Dàmọ́lá?" Fọlárìn ti nà gbalaja sí pálọ̀. Orí ẹ̀ wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wọ kíṣìnì.

"Kì í ṣe push-up. O ò ní dìde títí àgbà á fi dá ẹ lóhùn."

"What if they don't?"

"Wàá sùn síbẹ̀."

"Okay. E kaaro sa."

"Ọ̀sán ni, Fọlárìn."

"E kaaro osan sa."

Ọmọ náà ò ní ìgbéraga kankan. Ó máa ń wakọ̀ gbé mi kiri, èmi àgbàlagbà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹrù. Òun ló mú mi lọ jẹ ohun tí wọ́n ń pè ní grits. Ògì ni. Wọ́n da bọ́tà sí ògì, wọ́n da wàrà sí i, wọ́n wá to edé lé e lórí. Mò ń wá àkàrà títí tí mo fi jẹ ẹ́ tán. Tíì wọn tutù bí omi yìnyín, ṣúgà inú ẹ̀ lè gbé ṣíbí dúró. Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá tó ìyá mi, ó ń pè mí ní "baby". Mo wẹ̀yìn, bóyá ọmọ kan dúró lẹ́yìn mi. Torí náà mi ò lè sọ pé wọn ò kí èèyàn níbẹ̀. Wọ́n máa ń kí èèyàn bíi pé wọ́n fẹ́ gbé e pọ̀n, lẹ́yìn náà wọn ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ tó bá kúrò nídìí tábìlì.

Inú wáyàháòsì

Gbogbo Sátidé, Fọlárìn máa ń wakọ̀ láti Grayson lọ sí Fairburn, ní òdì kejì ìlú pátápátá. Coach kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bá a pàdé ni ọwọ́ òun ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ ibo ni?"

"Nobody knows. Àwọn kan ní island, àwọn kan ní Louisiana. Kì í lo whistle. You'll see."

Fairburn kún fún wáyàháòsì, ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Wọ́n tò lọ funfun, láìní fèrèsé, bíi pé ẹnì kan gbàgbé láti dá wọn dúró. Níwájú wọn, àwọn tírélà tí wọ́n ti já orí wọn lọ dúró lórí ìlà, wọ́n ń retí. Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé yẹn, wọ́n ti kó ẹrù kúrò, wọ́n ti fi pákó tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbé àwọ̀n kọ́ sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Fọlárìn wọlé, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn, sílípáàsì mi ń dún pà-pà-pà.

Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ kan. Kí ó tó dákẹ́, mo gbọ́ òṣé kékeré kan tó tẹ̀ lé e. Irun ọrùn mi dìde kí èmi fúnra mi tó mọ ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan sọ lédè òyìnbó pé kí ọmọ náà pa ojú dé, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ wo àwọ̀n. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí lórí ilẹ̀ pupa nílé: "Kì í ṣe ojú ló ń wò ó, ọwọ́ ni."

Mo wo ọkùnrin náà. Ọ̀gá Àlàó ni.

Ọ̀gá Àlàó ni tíṣà eré ìdárayá ní secondary school wa. Àwọn ló kọ́ mi ní basketball, kì í ṣe ẹ̀bi wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nígbà tí wọ́n ṣe àìsàn ráńpẹ́, tí wọ́n kú. Àwa ọmọ tíìmù la gbé wọn. Mo wà lára àwọn tó bu yẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí. Yẹ̀pẹ̀ yẹn wọ inú èékánná mi, ó pẹ́ kó tó jáde. Etí ọ̀tún wọn gé díẹ̀ lókè, ajá ló jẹ ẹ́ ní kékeré, àwa ọmọ school máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Etí ọ̀tún ọkùnrin yìí gé díẹ̀ lókè.

Ó yíjú, ó rí mi. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń yí lọ títí ó fi kan ògiri. Kò sẹ́ni tó lọ mú un.

Ẹ mọ bí ara tiwa ṣe rí. Kí orí tó gbọ́, orúnkún ti ń lọ. Mo ti tẹ̀ dé ìdajì, àyà mi ti ń wá ilẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ sà" ti wà létè mi, ni ọ̀rọ̀ ìyá bàbá mi bá sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n máa ń sọ ti oníṣòwò kan tó rí ọkọ aládùúgbò ẹ̀, tí wọ́n ti sin tipẹ́, ní ọjà kan lókè Ọya, tó ń ta bàtà. Oníṣòwò náà ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó jókòó, kí òun lọ ra omi fún un. Kò padà mọ́. Ìyàwó tó fẹ́ níbẹ̀ sunkún títí, bàtà sì tò lórí àtẹ bó ṣe fi í sílẹ̀. Àkúdàáyà nìyẹn. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn fẹ́ parí ìwọ̀nba ayé tó kù fún un níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tó sì kí i ló ń lé e lọ.

Mo wo Fọlárìn. Ó di bọ́ọ̀lù míì mú, ojú ẹ̀ wà ní pípadé, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n.

Mo bá ṣe bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà. Sílípáàsì ni mo wọ̀. Mo fi ọwọ́ wá okùn yẹn títí, mi ò rí i, mo dìde.

"Hi," mo ní.

"Hi," òun náà ní. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára mi.

Ọlọ́dẹ

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ lásán ni, mo béèrè Ọ̀gá Àlàó.

"Ọ̀gá Àlàó tó kú?" Màmi ní. "Mo kọjá níbi sàréè wọn lọ́sẹ̀ yìí. Koríko ti bò ó. Kí ló dé, o lá àlá wọn ni?"

Mo ní àlá ni.

Látìgbà náà, mi ò pa Sátidé kankan jẹ. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ, ẹ̀rù tún ń bà mí láti má lọ. Màá jókòó sídìí ògiri, Coach á máa kọ́ ọmọ, a ò ní wo ara wa lójú. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù fò tọ̀ mí wá, ó bà mí níwájú orí. Mo kùn sí ara mi ní Yorùbá pé orí yìí náà ni mo gbé lọ poly, abájọ. Coach bú sẹ́rìn-ín. Fọlárìn wò ó, ó béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, torí òun ò gbọ́ ohun tí mo sọ dáadáa. Ẹ̀rín náà gé lẹ́nu ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Inú ilé ńlá yẹn tutù sí mi lára.

Ìgbà kan wà tí Uncle Wálé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Àǹtí Bísí, ní àwọn fẹ́ tẹ̀ lé wa lọ wòran. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ ìlú tó múlé ti tiwa ni wọ́n ti dàgbà. Bí a ṣe wọlé ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń pa dé. Bọ́ọ̀lù kan ṣì ń ta láàárín pákó, ó ń rọra lọ sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń ta á. Coach ò wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fi Fọlárìn sínú match ní school, ọwọ́ ẹ̀ gbọ̀n bí ewé, gbogbo ohun tó jù ló gba ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n lọ. Wọ́n dá a padà sórí bẹ́ńṣì. Ó ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá.

"If he's gone, I'm done," ó ní fún mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Bọ̀dá Dàmọ́lá, I'm serious. Màá padà sí Canada."

Ìgbà yẹn ni mo mọ iṣẹ́ mi. Mo di ọlọ́dẹ fún òkú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá wa lọ sí Fairburn, màá béèrè ìlú ẹ̀ bíi pé mo fẹ́ fi ọmọ fún un. Tí ìlú ẹ̀ bá sún mọ́ tiwa, màá ní mọ́tò ti kún. Èmi àti Fọlárìn nìkan ló máa ń wà nínú mọ́tò yẹn. Coach padà wá. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn gbé àga kan wá síbi tí mo máa ń jókòó sí.

Ọmọ náà sì gòkè. Kó tó di pé ẹ̀ẹ̀rùn wọn dé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè wọlé. Àwọn tó ń pè é ní Canada fi ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń kígbe ẹ̀ kí gbogbo ilé mì. Àwọn èèyàn college ń wá jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn college Atlanta níbẹ̀ mú un.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀

Àǹtí Bísí se ìrẹsì, wọ́n pe díẹ̀ nínú àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wá sí pálọ̀ lọ́sàn-án Sunday kan. Fọlárìn bẹ Coach pé kó wá. Ó ní Coach béèrè nǹkan kan tó yà á lẹ́nu: ó fẹ́ mọ ìlú tí gbogbo àwọn tó ń bọ̀ ti wá. Ìjẹ̀bú ló pọ̀ jù, àwọn ará Èkó tẹ̀ lé e. Àǹtí Bísí fúnra wọn ò gbé ìlú wa rí, ìlú bàbá mi ni. Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ló lè bà á jẹ́. Ó sì wá.

Fọlárìn na ara ẹ̀ sílẹ̀ fún un níwájú gbogbo èèyàn, ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá kúlà ṣubú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Coach fọwọ́ kan án lẹ́yìn, ó ní kó dìde. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ọmọ náà ò mọ ẹni tó ń kí.

"Ṣé ẹ rí ọmọ Canada?" Àǹtí Bísí ń wú. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kọ́ ọ. Dàmọ́lá, ó yá, wá kí Coach, kí wọ́n rí bí àwa ṣe ń ṣe é nílé."

"Mo ti kí wọn, mà."

"Ìgbà wo? 'Hi' tó o sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n?"

Coach dúró, àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò wò mí. Ilẹ̀kùn ló ń wò.

"Dàmọ́lá, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mà."

Bàbá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Daddy Ṣónibárẹ́ gbé ṣíbí wọn sílẹ̀. "Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú àwọn méjèèjì lẹ mú wá láti ilé? Èyí tí wọ́n bí sí Canada ló dọ̀bálẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé ló ki ọwọ́ bọ àpò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, ọwọ́ mi wà nínú àpò. Mo kì í bọ ibẹ̀ kó má bàa lọ kan ilẹ̀. Gbogbo ara mi ń fà sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ lọ́rùn, ojú gbogbo pálọ̀ wà lára mi, ojú Fọlárìn ló wúwo jù. Mo dúró gbọnrangandan bí òpó iná.

"Whatever," mo ní. Mi ò mọ ibi tó ti jáde. Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ mi.

Coach gbé àwo ẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ṣíbí ẹ̀ ń kan eyín.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Àǹtí Bísí ò pariwo. Ìbá dára ká ní wọ́n pariwo.

"Mo ti bá àwọn college yẹn sọ̀rọ̀ nítorí ẹ," wọ́n ní. "Mi ò ní padà lọ bá wọn mọ́. Ọmọ tí ilé ò kọ́, kí ni college fẹ́ kọ́ ọ? Màá wá tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ, kó o padà lọ bá ìyá ẹ. Sọ ohun tó ṣe ẹ́ fún mi, Dàmọ́lá. Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Mo ní kò sí nǹkan kan. Bí mo ṣe di ẹni tó kúrò ní school lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, láìtíì wọ èkejì.

Lójú ọ̀nà airport

Nígbà tí ọjọ́ pé, Fọlárìn ti kó lọ sí college. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ kó tó lọ. Àǹtí Bísí wà ní shift. Coach ló pè, ó ní Fairburn ò jìnnà sí airport, òun á gbé mi.

"Ojú ò tì ẹ́," Àǹtí Bísí ní lórí fóònù. "Ẹni tó o kọ̀ láti kí ló wá gbé ẹ."

Mọ́tò náà ń lọ. Ọ̀nà yẹn fẹ̀ bí odò. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì ń ronú pé kí ni òkú fẹ́ fi èémí ṣe.

"Ìyá Ṣadé ńkọ́?"

Yorùbá ni. Yorùbá ìlú wa gan-an ni, pẹ̀lú bí a ṣe máa ń fa ìdí ọ̀rọ̀. Ìyá Ṣadé ni ìyàwó Ọ̀gá Àlàó.

Tí mo bá dá a lóhùn, mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mo kọjú sí gíláàsì iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Gíláàsì ni mò ń bá sọ ọ́ o.

"Obìnrin kan wà nílé," mo ní, "ọkọ ẹ̀ kọ́ wa ní school. Kò fẹ́ ọkọ míì. Aṣọ ọmọ school ló ń rán báyìí, wọ́n ń tò sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ tí school bá fẹ́ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ ó ń lo oògùn. Ọmọbìnrin ẹ̀ àgbà ti lọ́kọ. Ó ti bímọ, ọkùnrin. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Babátúndé."

Mọ́tò náà rọra ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró. Tírélà ń kọjá, mọ́tò wa ń mì.

"Wọ́n kánjú," ó ní.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Mi ò yíjú. Nígbà tó yá, ó tún wọ ọ̀nà.

Ní airport, ó bá mi gbé àpótí sílẹ̀. Èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, kò sẹ́ni tó wò wá. Mo dúró níwájú ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá kọ́, tó bu yẹ̀pẹ̀ lé yín lórí, tẹ́ ẹ tún gbé e dé airport, ṣé ó lè lọ láìdọ̀bálẹ̀? Orúnkún mi ti ń tẹ̀.

"Dúró," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ yẹn ò tíì lè dá dúró. Tí ọjọ́ tí kò nílò mi bá dé, ìwọ ni kó o wá kí mi. Kí mi dáadáa."

Mo dúró. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Ó wò mí bí ẹni tó wo ọmọ tó gba ẹ̀bùn ní school, ó wọ mọ́tò ẹ̀, ó lọ.

Sátidé nílé

Ohun tó kù ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n ń gbé match college Fọlárìn sórí ẹ̀rọ ayélujára, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi àti Màmi jókòó sẹ́yìn ilé, fóònù mi la gbé ti ife omi. Wọ́n ti fi Fọlárìn wọlé látìbẹ̀rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń dára. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ ju free throw, èyí tí èèyàn máa ń dá nìkan jù, tí gbogbo ilé dákẹ́, mo rí i tó yíjú sí ẹ̀yìn, tó ń wá ẹnì kan láàárín àwọn òǹwòran. Ọjọ́ tí kò nílò Coach ò tíì dé nìyẹn. Kámẹ́rà tẹ̀ lé ojú ẹ̀.

Màmi sún mọ́ fóònù. Wọ́n wọ gíláàsì wọn.

"Dàmọ́lá, ta ni ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn? Etí ẹ̀ yẹn. Ó mà jọ—"

Mo fi àtàǹpàkò bo ojú ẹ̀.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò, mi ò rí i."

"Bọ́ọ̀lù la wá wò, mà. Ẹ wo bọ́ọ̀lù."

"Mo ní gbé ọwọ́ ẹ kúrò. Ìwọ ọmọ yìí, òótọ́ lọ̀rọ̀ tí Bísí sọ nípa ẹ. O ò bọ̀wọ̀ fún àgbà mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní. Fóònù ń gbóná lábẹ́ ìka mi. Mi ò gbé e.